Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ìtàn Yíyan Ètò Ìbẹ̀rẹ̀ fún Àwọn Ẹ̀rọ Kékeré tí Ó Ń Lo Linux

Àṣamọ̀

Lẹ́yìn tí kernel bá ti gbéra nínú ẹ̀rọ tí ó ń lo Linux, ètò ìbẹ̀rẹ̀ ni ètò àkọ́kọ́ tí ó ń jí, òun ni ó sì ń pe gbogbo ètò yòókù sẹ́nu iṣẹ́. Àpilẹ̀kọ yìí tọpasẹ̀ bí àwọn tí ó ń ṣe ẹ̀rọ kékeré, bíi ráútà, fóònù àti ẹ̀rọ inú ọkọ̀, ṣe ń yan ètò ìbẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1996 títí di àsìkò yìí. Ohun tí ó fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé kì í ṣe ètò tí ó dára jù lọ ni wọ́n máa ń yàn, bí kò ṣe èyí tí ó bá ohun tí ó ṣọ̀wọ́n jù lọ ní ìgbà náà mu. Àyè ni ó kọ́kọ́ ṣọ̀wọ́n, àkókò ni ó tẹ̀ lé e, àbójútó ni ó wá kẹ́yìn. Ìtàn ráútà WRT54G sì fi hàn pé ìbéèrè kan tún wà lábẹ́ gbogbo èyí: ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti yàn?

1.0 Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí ohun kan bá ṣe tó ni a ṣe ń pèsè ibùgbé fún un. Ní ti ẹ̀rọ kékeré, ìtẹ́ ni ó ń kọ́kọ́ wà nílẹ̀. Eku tí yóò gba ibẹ̀ ni a ń wá kiri. Ẹ̀rọ kékeré tí àpilẹ̀kọ yìí ń sọ ni ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ẹni tí ó rà á kì í pè ní kọ̀ǹpútà: ráútà tí ó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé, àpótí tẹlifíṣàn, fóònù, pátákó ìròyìn inú ọkọ̀ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí a bá tan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ètò kékeré kan ni ó ń gbé kernel Linux láti inú flash wá sínú ìrántí ẹ̀rọ. Kernel a wá mọ àwọn ohun èlò tí ó wà lára ẹ̀rọ náà, lẹ́yìn èyí a wá ètò kan ṣoṣo tí yóò fa iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Bí ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ kò bá dárúkọ ètò náà fún un, kernel a kọ́kọ́ wá /sbin/init, lẹ́yìn náà /etc/init, lẹ́yìn náà /bin/init, àti ní ìkẹyìn /bin/sh. Bí kò bá rí ọ̀kankan nínú wọn, ẹ̀rọ náà a dúró gbagidi níbẹ̀.

Ètò tí kernel bá rí ni ó ń gba nọ́ńbà 1, kò sì sí ètò mìíràn tí ó tún ń gba nọ́ńbà yìí. Ojúṣe rẹ̀ pín sí ọ̀nà méjì. Èkíní ni pé kí ó pe àwọn ètò yòókù sẹ́nu iṣẹ́ ní ìtòtẹ̀léra tí ó tọ́. Èkejì ni pé kí ó gba ètò tí òbí rẹ̀ ti kú ṣe ọmọ, kí ó sì palẹ̀ òkú wọn mọ́ nígbà tí wọ́n bá parí iṣẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ètò ìbẹ̀rẹ̀ ni àgbà ọjà yìí. Bí òun fúnra rẹ̀ bá kú, kernel kò ní gbà kí ẹ̀rọ náà máa bá iṣẹ́ lọ.

Nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, bí nǹkan bá ṣe àṣìṣe nígbà ìbẹ̀rẹ̀, ènìyàn wà níwájú rẹ̀ tí yóò tẹ àṣẹ sí i. Ráútà tí a kàn mọ́ ògiri kò ní kíbọ́ọ̀dù, kò ní ojú tí a fi ń wò ó, ẹni tí ó rà á kò sì mọ̀ pé Linux wà nínú rẹ̀. Bí iná mànàmáná bá lọ tí ó sì padà dé, àfi kí ẹ̀rọ náà dá ara rẹ̀ gbé dìde. Ìdí nìyí tí yíyan ètò ìbẹ̀rẹ̀ fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá fún ẹni tí ó bá ń ṣe ẹ̀rọ kékeré.

2.0 Orírun Ètò Ìbẹ̀rẹ̀: Láti Unix sí Linux

A kò lè sọ ìtàn yìí láì mẹ́nu ba Unix, tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1969. Nínú Unix ni orúkọ init ti wá. Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ init wá pín sí nígbà tí ó yá. Ní ọ̀dọ̀ àwọn ará Berkeley, fáìlì àṣẹ kan tí wọ́n ń pè ní /etc/rc ni init ń kà láti òkè dé ilẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ AT&T, tí ó gbé Unix System V jáde ní ọdún 1983, fáìlì kan tí wọ́n ń pè ní inittab ni ó ń sọ ohun tí init yóò ṣe, wọ́n sì pín ìgbé ayé ẹ̀rọ sí ipele ìṣiṣẹ́ tí wọ́n fún ní nọ́ńbà. Ipele kan wà fún pípa ẹ̀rọ, òmíràn wà fún àtúnṣe, òmíràn sì wà fún ìgbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ń lò ó pọ̀.

Linus Torvalds, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki nígbà náà, gbé Linux síta ní ọdún 1991. Kernel nìkan ni ó ṣe. Ẹlòmíràn ni yóò pèsè ètò ìbẹ̀rẹ̀. Miquel van Smoorenburg ni ó kọ sysvinit, tí ó fi ìlànà System V ṣe àwòkọ́ṣe, èyí sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ń pín Linux kiri lò fún ọdún pípẹ́. Ipele kọ̀ọ̀kan ní àpò fáìlì tirẹ̀. Fáìlì àṣẹ tí orúkọ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ètò. Èyí tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú K ni a fi ń pa á. Nọ́ńbà tí ó tẹ̀ lé lẹ́tà náà ni ó ń sọ ẹni tí yóò ṣáájú.

Ìlànà yìí yé ènìyàn, ó sì ṣeé tún ṣe pẹ̀lú irinṣẹ́ kékeré. Ṣùgbọ́n ìṣòro méjì wà lára rẹ̀ tí yóò di ọ̀rọ̀ ńlá lẹ́yìn ọ̀la. Ìkíní, àwọn ètò náà ń tò tẹ̀ lé ara wọn ni. Bí ọ̀kan bá ń fà, gbogbo ìyókù ni yóò dúró dè é. Ìkejì, lẹ́yìn tí fáìlì àṣẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan tán, kò sí ẹni tí ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́. Bí ètò náà bá kú lóru, òkú ni yóò wà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ tí alábòójútó ẹ̀rọ yóò fi dé. Alábòójútó yìí gan-an ni ẹ̀rọ kékeré kò ní.

3.0 Ìgbà tí Àyè Ṣọ̀wọ́n: BusyBox

Ìṣòro àyè ni ó kọ́kọ́ mú kí wọ́n wá ètò ìbẹ̀rẹ̀ mìíràn. Ní ọdún 1995, Bruce Perens bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan fún ẹgbẹ́ Debian, ó sì parí apá tirẹ̀ ní ọdún 1996. Ohun tí ó ń fẹ́ ni kí gbogbo irinṣẹ́ tí ènìyàn nílò láti fi Linux sórí kọ̀ǹpútà, tàbí láti fi tún èyí tí ó bàjẹ́ ṣe, gba inú fúlọ́pì kan ṣoṣo. Fúlọ́pì ìgbà náà kò sì gbà ju mẹ́gábáìtì 1.44 lọ.

Ọgbọ́n tí ó dá ni pé ó sọ ọ̀pọ̀ ètò di ẹyọ kan. Nínú Unix, ètò kọ̀ọ̀kan ni fáìlì tirẹ̀, olúkúlùkù wọn sì ru ẹrù tí ó jọ ti ẹnìkejì rẹ̀. Nínú BusyBox, gbogbo wọn ń gbé nínú fáìlì kan. Orúkọ tí a bá fi pè é ni ó ń sọ irú iṣẹ́ tí yóò ṣe. Bí a bá fi orúkọ ls pè é, a to orúkọ fáìlì. Bí kernel bá fi orúkọ init pè é, a di ètò ìbẹ̀rẹ̀. Erik Andersen àti àwọn mìíràn ni wọ́n gba iṣẹ́ náà lẹ́yìn Perens, wọ́n sì mú un kúrò ní ohun èlò fúlọ́pì di ohun èlò ẹ̀rọ kékeré.

Init inú BusyBox náà ń ka inittab bíi ti System V, ṣùgbọ́n ó gé ọ̀pọ̀ nǹkan kúrò. Kò ka ipele ìṣiṣẹ́ sí rárá, nítorí pé ráútà tàbí àpótí tẹlifíṣàn kò nílò ju ipele méjì lọ: kí ó máa ṣiṣẹ́, tàbí kí ó kú. Ohun tí ó kù fún un ni àṣẹ kéékèèké bíi sysinit, tí ó ń ṣe ìpalẹ̀mọ́ ìbẹ̀rẹ̀, àti respawn, tí ó ń tún ètò tí ó bá kú gbé dìde. Kódà bí a kò bá fún un ní inittab kankan, ó ní ohun tí yóò ṣe: yóò sáré ṣe fáìlì àṣẹ tí ó wà ní /etc/init.d/rcS, yóò sì ṣí ojú ìtẹ̀ṣẹ́ sílẹ̀.

Ó hàn gbangba pé kò sí ẹni tí ó sọ ní ìgbà náà pé init BusyBox dára ju sysvinit lọ. Ẹni tí ó bá ní àyè púpọ̀ kò ní ìdí láti lò ó. Ẹni tí àyè há fún ni ó yàn án, nítorí pé ó ti wà nínú fáìlì kan náà tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń lò fún gbogbo iṣẹ́ mìíràn. Kò ná an ní àfikún àyè tí a lè kà sí.

4.0 Ráútà WRT54G àti Ìbéèrè Ẹni tí Ó Ni Yíyàn

Ní oṣù kejìlá ọdún 2002, iléeṣẹ́ Linksys gbé ráútà kan tí wọ́n ń pè ní WRT54G sí ọjà. Flash rẹ̀ jẹ́ mẹ́gábáìtì 4, ìrántí rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́gábáìtì 16. Ní oṣù kẹta ọdún 2003, iléeṣẹ́ Cisco kéde pé òun fẹ́ ra Linksys ní owó tí ó tó 500 mílíọ̀nù dọ́là. Kò pẹ́ tí àwọn olùmọ̀ kọ̀ǹpútà fi ṣàkíyèsí pé Linux àti BusyBox wà nínú ráútà yìí, bẹ́ẹ̀ ni iléeṣẹ́ náà kò fún àwọn oníbàárà ní kóòdù wọn.

Láísẹ́nsì GPL, tí ó de Linux àti BusyBox, sọ pé ẹnikẹ́ni lè lo ètò náà, ó sì lè tà á, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ rí kóòdù rẹ̀ gbà bákan náà. Ọ̀rọ̀ yìí di àríyànjiyàn ní gbangba ní oṣù kẹfà ọdún 2003, kí ọdún náà sì tó parí, iléeṣẹ́ náà ti gbé kóòdù síta.

Ohun tí àwọn ènìyàn rí nínú kóòdù náà ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ tí à ń sọ. Kì í ṣe init BusyBox ni iléeṣẹ́ náà fi ṣe ètò ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ ètò tiwọn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ rc, ó sì ń ka ètò ìlò oníbàárà láti inú ìrántí kan tí wọ́n ń pè ní NVRAM. Gbogbo ohun tí ráútà náà lè bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti kọ mọ́ inú rc. Bí ènìyàn bá fẹ́ fi ètò tuntun kan kún un, àfi kí ó yí kóòdù rc padà, kí ó sì tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀. Irú yíyàn bẹ́ẹ̀ bá iléeṣẹ́ lára mu, nítorí pé iléeṣẹ́ mọ gbogbo ohun tí ó fẹ́ kí ráútà ṣe. Kò bá ẹni tí ó rà á mu bí ó bá ní èrò tirẹ̀.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2004, iṣẹ́ OpenWrt bẹ̀rẹ̀. Kóòdù tí Linksys gbé síta àti irinṣẹ́ Buildroot tí àwọn oníṣẹ́ uClibc ṣe ni wọ́n fi pilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fi init BusyBox ṣe ètò ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì to fáìlì àṣẹ kéékèèké sí /etc/init.d. Lẹ́yìn náà wọ́n pín flash sí méjì: apá kan tí kò ṣeé yí padà, àti apá kan tí oníbàárà lè kọ nǹkan sí. Àbájáde rẹ̀ ni pé ẹni tí ó ni ráútà lè fi ètò tuntun sínú rẹ̀, kí ó sì fi fáìlì àṣẹ kan sọ fún ètò ìbẹ̀rẹ̀ pé kí ó máa jí i ní gbogbo ìgbà tí iná bá dé. Kò sí ìdí láti tún ohunkóhun kọ́ láti ìpìlẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó lẹrú ni ó lẹrù. Ẹni tí ó ra ráútà wá di ẹni tí ó ń pinnu ohun tí yóò kọ́kọ́ jí nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ní ìparí ọdún 2005, ẹ̀dà karùn-ún WRT54G jáde. Wọ́n ti dín flash rẹ̀ kù sí mẹ́gábáìtì 2 àti ìrántí rẹ̀ sí mẹ́gábáìtì 8, wọ́n sì ti fi VxWorks, tí kì í ṣe ètò ọ̀fẹ́, rọ́pò Linux. Ìtẹ́ ti kéré ju eku lọ. Nítorí àwọn oníbàárà tí ó ṣì ń fẹ́ Linux, iléeṣẹ́ náà gbé WRT54GL jáde pẹ̀lú mẹ́gábáìtì 4 àti 16 ti àtijọ́. Ohun tí a rí kọ́ ni pé láísẹ́nsì lè fún ni ní ẹ̀tọ́ láti yàn, ṣùgbọ́n bí ohun èlò kò bá fàyè gbà á, ẹ̀tọ́ náà di ti ẹnu lásán.

5.0 Ìgbà tí Àkókò Ṣọ̀wọ́n: Upstart àti systemd

Nígbà tí ọdún 2006 fi máa dé, flash ti ń di púpọ̀ nínú fóònù àti nínú kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́. Àyè kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìṣòro fún àwọn wọ̀nyí mọ́, ṣùgbọ́n sùúrù oníbàárà ti dínkù. Ẹni tí ó tan fóònù kò fẹ́ dúró bí ẹni tí ó ń dúró de kọ̀ǹpútà ńlá.

Scott James Remnant ti iléeṣẹ́ Canonical ni ó ṣe Upstart, tí ó kọ́kọ́ jáde nínú Ubuntu 6.10 ní oṣù kẹwàá ọdún 2006. Dípò kí ètò tò tẹ̀ lé ara wọn bí nọ́ńbà ṣe wí, ìṣẹ̀lẹ̀ ni ó ń jí wọn: bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé, ètò tí ó nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì a dìde. Àwọn tí ń ṣe fóònù tètè gbà á. Nokia lò ó nínú N900 ní ọdún 2009, Palm náà lò ó nínú webOS ní ọdún yẹn kan náà, ChromeOS sì mú un lò pẹ̀lú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, Arjan van de Ven àti Auke Kok ti iléeṣẹ́ Intel fi han àwùjọ àwọn onímọ̀ Linux ní Portland pé kọ̀ǹpútà kékeré Asus Eee PC lè gbéra tán láàrin ìṣẹ́jú àáyá 5. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ti gbà mọ́ pé dandan ni kí Linux pẹ́ kí ó tó dìde.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2010, Lennart Poettering kéde systemd, tí òun àti Kay Sievers jọ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn èrò rẹ̀ tí ó lágbára jù ti wà nínú launchd, tí iléeṣẹ́ Apple gbé jáde ní ọdún 2005. Èrò náà ni pé kí ètò ìbẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣí ẹnu ọ̀nà tí ètò kọ̀ọ̀kan yóò ti gba ìránṣẹ́, kí ètò náà tó dìde. Ó dà bí ẹni tí ó gbé àpótí lẹ́tà sí ẹnu ilé kí onílé tó kó dé: àwọn tí ó ní lẹ́tà lè máa jù ú síbẹ̀, onílé yóò bá a nílẹ̀. Nípa báyìí gbogbo ètò lè máa dìde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láì jẹ́ pé ọ̀kan ń dúró de èkejì. Fedora 15 gbà á ní oṣù karùn-ún ọdún 2011. Ní oṣù kejì ọdún 2014, ìgbìmọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ Debian pín sí méjì lórí rẹ̀ débi pé ìbò alága ni ó yanjú ọ̀rọ̀, systemd sì borí. Inú bí àwọn kan, wọ́n sì kéde ìpínyà tí wọ́n pè ní Devuan ní ọdún náà.

Nínú ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ àkókò ti kúrò ní ọ̀rọ̀ fàájì, tí ó di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ènìyàn. Ní ọdún 2014, ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìlànà kan jáde nítorí àwọn ọmọdé àti àwọn ẹlòmíràn tí ọkọ̀ ń fi ẹ̀yìn gbá. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2018, ọkọ̀ kékeré tuntun gbọ́dọ̀ ní kámẹ́rà ẹ̀yìn, àwòrán rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ hàn sí awakọ̀ láàrin ìṣẹ́jú àáyá 2 tí ó bá ti ń fẹ́ fi ẹ̀yìn rìn. Awakọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ọkọ̀ tí ó sì fẹ́ jáde nínú ọgbà kò ní dúró kí gbogbo ètò tó jí tán. Ẹgbẹ́ GENIVI, tí àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ bíi BMW dá sílẹ̀ ní ọdún 2009, yan systemd. Síbẹ̀, kò sí ètò ìbẹ̀rẹ̀ tí ó lè ṣe iṣẹ́ yìí fún ẹnjiníà tí kò bá ronú sí ìtòtẹ̀léra: kámẹ́rà gbọ́dọ̀ ṣáájú orin àti máàpù. Ọ̀nà mìíràn ni pé kí a yọ kámẹ́rà kúrò lábẹ́ Linux pátápátá, kí a fi í sábẹ́ ètò kékeré mìíràn tí kì í pẹ́ dìde.

Ìyára yìí kò wá lọ́fẹ̀ẹ́. BusyBox kì í sábà ju nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 1 lọ pẹ̀lú gbogbo irinṣẹ́ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n systemd àti àwọn ohun tí ó gbára lé ń gba mẹ́gábáìtì púpọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó sì fi jẹ́ pé glibc ni ó ń béèrè fún, bẹ́ẹ̀ uClibc tàbí musl, tí ó fúyẹ́, ni àwọn ẹ̀rọ tí àyè há fún ń lò. Fún ráútà tí flash rẹ̀ jẹ́ mẹ́gábáìtì 4, ìlẹ̀kùn ti tì.

6.0 Ìgbà tí Àbójútó Di Dandan

Ẹ̀tọ́ kejì tí àgbà ọjà ní láti ṣe, ìyẹn wíwo ẹ̀yìn àwọn ètò, ni ó wá gba iwájú lẹ́yìn èyí. Ráútà kì í sinmi. Ó lè wà lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù púpọ̀. Bí ètò tí ń pín àdírẹ́ẹ̀sì bá kú, gbogbo ilé ni yóò sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì ti lọ, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tí ó ṣe okùn tí ó gbé e wá.

Èrò náà kì í ṣe tuntun. D. J. Bernstein ti fi í hàn nínú daemontools, níbi tí alábòójútó kékeré kan ti ń dúró ti ètò kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń gbé e dìde bí ó bá ṣubú. Gerrit Pape mú èrò yìí lọ síwájú nínú runit, Laurent Bercot náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ nínú s6. Méjèèjì kéré dé ibi tí ẹ̀rọ kékeré lè gbà wọ́n, BusyBox pàápàá sì ní ẹ̀dà irinṣẹ́ runit nínú.

Android, tí fóònù àkọ́kọ́ tí ó lò ó jáde ní ọdún 2008, ní init tirẹ̀ tí ó ń ka fáìlì init.rc. Níbẹ̀, a lè pe ètò kan ní èyí tí ẹ̀rọ kò lè wà láìsí. Ìlànà rẹ̀ ni pé bí irú ètò bẹ́ẹ̀ bá kú ju ìgbà 4 lọ láàrin ìṣẹ́jú 4, fóònù náà yóò tún ara rẹ̀ tàn. Nínú systemd, láti ọdún 2012, ètò ìbẹ̀rẹ̀ lè máa ta aago ìṣọ́ ara ẹ̀rọ lólobó pé òun ṣì wà láàyè. Bí ó bá dákẹ́, aago yóò tún ẹ̀rọ tàn. Báyìí ni ìṣọ́ ṣe di onípele: aago ń ṣọ́ ètò ìbẹ̀rẹ̀, ètò ìbẹ̀rẹ̀ ń ṣọ́ àwọn yòókù.

OpenWrt ni ó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere jù. Àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ rí i pé init BusyBox kò tó mọ́, wọ́n sì rí i pé systemd kò lè gba inú ráútà wọn. Wọ́n kọ tiwọn. John Crispin àti Felix Fietkau wà lára àwọn tí ó ṣe procd, tí ó wọ inú ẹ̀dà 14.07 tí ó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2014. Procd gba iṣẹ́ init BusyBox, ó gba iṣẹ́ ètò tí ń dá ohun èlò tuntun mọ̀, ó sì tún gba iṣẹ́ aago ìṣọ́. Bí olùkọ̀wé fáìlì àṣẹ bá ní kí ètò máa jí padà láì sọ iye, ètò tí ó bá kú kí ìṣẹ́jú àáyá 3600 tó pé ni procd ń kà sí èyí tí ó ṣubú. Yóò dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 5, yóò gbé e dìde. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ tó ìgbà 5, yóò fi í sílẹ̀. Ìwọ̀n wà nínú àbójútó náà, kí ètò tí ó ti bàjẹ́ má baà fi ìdìde-ìṣubú jẹ gbogbo agbára ráútà.

7.0 Ohun tí Ìtàn Yìí Kọ́ Ẹni tí Ó Fẹ́ Yàn

Lónìí, irinṣẹ́ bíi Buildroot àti Yocto ń jẹ́ kí ẹnjiníà yan ètò ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó bá ń kọ́ Linux fún ẹ̀rọ rẹ̀. Ìmọ̀ràn àwọn oníṣẹ́ Buildroot ni pé init BusyBox tó fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré, kí a sì fi systemd sílẹ̀ fún ibi tí iṣẹ́ bá ti díjú. Ìmọ̀ràn yìí bá ìtàn tí a ti tọpasẹ̀ rẹ̀ mu, nítorí pé orí ohun tí ẹ̀rọ nílò ni ó dúró lé.

Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ó ṣáájú yíyàn. Ìkíní, èló ni àyè àti ìrántí tí yóò kù lẹ́yìn tí iṣẹ́ gidi tí ẹ̀rọ wà fún bá ti gba tirẹ̀? Ìkejì, kí ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ hàn, láàrin ìṣẹ́jú àáyá mélòó? Ìkẹta, bí ètò kan bá kú ní òru tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ta ni yóò mọ̀, kí ni yóò sì ṣe? Ẹni tí ó bá yan ètò ńlá nítorí pé ó lókìkí lè rí i pé ẹ̀rọ òun kò ní àyè fún àtúnṣe ọjọ́ iwájú. OpenWrt 19.07, tí ó jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, ni ẹ̀dà tí ó kẹ́yìn fún àwọn ráútà tí flash wọn jẹ́ mẹ́gábáìtì 4 tí ìrántí wọn sì jẹ́ 32. Kernel tí ó ń tóbi sí i ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó fa èyí, ṣùgbọ́n kílóbáìtì kọ̀ọ̀kan tí ètò ìbẹ̀rẹ̀ bá fi pamọ́ jẹ́ àfikún sí ọjọ́ ayé ẹ̀rọ.

Ní ti ẹ̀tọ́, ìjàkadì kò tíì parí. Iléeṣẹ́ lè fún ni ní kóòdù, kí ó sì ṣe ohun èlò rẹ̀ lọ́nà tí kò ní gba kóòdù tí ẹlòmíràn bá yí padà, bí TiVo ti ṣe pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbohùn-gbàwòrán rẹ̀. GPL ẹ̀dà kẹta, tí ó jáde ní ọdún 2007, gbìyànjú láti dí ọ̀nà yìí, ṣùgbọ́n kernel Linux àti BusyBox dúró sórí ẹ̀dà kejì. Nítorí náà, ẹ̀rọ ṣì wà lọ́jà tí oníbàárà lè ka kóòdù ètò ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láìlè pààrọ̀ rẹ̀.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti ṣe àgbéyẹ̀wò yíyan ètò ìbẹ̀rẹ̀ fún àwọn ẹ̀rọ kékeré láti ìgbà fúlọ́pì títí di ìgbà ọkọ̀ oníkámẹ́rà. Ó ti hàn pé BusyBox borí nígbà tí àyè ṣọ̀wọ́n, pé Upstart àti systemd gba ipò nígbà tí àkókò ṣọ̀wọ́n, àti pé procd àti init Android jẹ́ ìdáhùn sí ẹ̀rọ tí kò ní alábòójútó. Tuntun kò lé àtijọ́ jáde. BusyBox ṣì ń jí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lójoojúmọ́, systemd sì ń jí òmíràn. Ìtàn WRT54G sì fi kún un pé yíyàn kì í ṣe ti ẹnjiníà iléeṣẹ́ nìkan. Nígbà tí láísẹ́nsì bá fún ni lẹ́tọ̀ọ́ tí ohun èlò sì fàyè gbà á, ẹni tí ó fi owó rẹ̀ ra ẹ̀rọ lè sọ ohun tí yóò kọ́kọ́ jí nínú rẹ̀. Kí àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ rántí èyí nígbà tí wọ́n bá ń wọn ìtẹ́.